Ìkíni Kì í Ṣe ti Àgbà Nìkan

Ẹ̀sùn tí ó wọ́pọ̀ lẹ́nu àwọn àgbà ni pé àwọn ọ̀dọ́ kò mọ ènìyàn í kí mọ́. Wọ́n ní ọmọkùnrin kò dọ̀bálẹ̀, ọmọbìnrin kò kúnlẹ̀. Ẹ̀sùn náà kì í ṣe irọ́ pátápátá, ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ pé gbèsè tí ọmọdé nìkan ń san ni ọ̀wọ̀, ọ̀nà wo ni ọ̀gá yóò gbà fi han ọmọ ọ̀dọ̀ rẹ̀ pé ọmọlúàbí ni òun?

Ẹ wo bí ìkíni Yorùbá ti rí. Bí wọ́n ti ń kí aláró kọ́ ni wọ́n ń kí akọ̀pẹ. "Àrẹdú o" ni ti aláró, "ojú gbooro o" ni ti onídìrí, "igbà á ró o" sì ni ti ẹni tí ó wà lórí ọ̀pẹ. Kí ènìyàn tó lè sọ èyíkéyìí nínú wọn, ó di dandan kí ó kọ́kọ́ wo ẹni tí ó wà níwájú rẹ̀, kí ó sì rí iṣẹ́ tí ó ń ṣe. Igbà ni ó gbé ẹ̀mí akọ̀pẹ dúró. Ẹni tí ó ṣàdúrà fún igbà ti rántí pé ẹni tí ó wà lókè lè já bọ́. Kò sì sí ẹni tí ń bèèrè ọjọ́ orí akọ̀pẹ kí ó tó kí i.

Nínú ìtàn Ifá tí Wándé Abímbọ́lá gbé yẹ̀wò nínú àpilẹ̀kọ rẹ̀ lórí ìwàpẹ̀lẹ́ ní 1975, Ọ̀rúnmìlà fúnra rẹ̀ ni ó ń wá Ìwà, ìyàwó rẹ̀ tí ó ti lọ, kiri láti ilé dé ilé. Àgbà ni ó ń wá ìwà níbẹ̀, kì í ṣe ọmọdé.

Lóde òní, ènìyàn a wọ ọ́fíìsì, a kí ọ̀gá tẹ̀ríntẹ̀rín, a sì gba ẹ̀gbẹ́ obìnrin tí ó ń nu ilẹ̀ kọjá bí ẹni pé àga ni. Mégádì a ṣí géètì ní àìmọye ìgbà lójúmọ́. Fèrè ọkọ̀ nìkan ni ó ń gbọ́. Ọmọ tí ó jókòó sẹ́yìn ọkọ̀ náà ń wò. Ó ń kọ́ ọ pé alágbára nìkan ni à ń kí. Nígbà tí òun náà bá di alágbára, ta ni yóò tún kù tí yóò kí?