Ẹ Má Kó Àwo Orin Bàbá Yín Dànù

Ó ti pẹ́ tí ọ̀rọ̀ yìí ti ń dùn mí lọ́kàn, n ó sì sọ ọ́ lónìí. Bó bá bí ẹnikẹ́ni nínú, kó foríjì mí. Àwa ará Ìbàdàn, pàápàá àwa tí à ń gbé Bódìjà, Ring Road àti Challenge, tí a ka ara wa sí ọ̀làjú, àwa gan-an là ń ba ogún tí àwọn bàbá wa fi sílẹ̀ jẹ́. Ogún wo ni mò ń wí? Kì í ṣe ilé, kì í ṣe ilẹ̀. Àwo orin ni. Àwo dúdú róbótó inú páálí tí ẹ kó sábẹ́ àtẹ̀gùn, tí ẹ ní ẹ ó kó dànù lọ́jọ́ tí ẹ bá fẹ́ kun ilé.

Ẹ ó ní, "Kí la fẹ́ fi wọ́n ṣe? Ṣebí gbogbo orin ti wà lórí fóònù." Ẹ gbọ́ ná. Láyé àwo àtijọ́ tó ń yí ní ìgbà 78 ní ìṣẹ́jú kan, orin bí ìṣẹ́jú mẹ́ta péré ni ojú kan ń gbà. Nígbà tí àwo ńlá dé, èyí tó ń yí ní ìgbà 33 àti díẹ̀, ojú kan bẹ̀rẹ̀ sí í gba nǹkan bí 20 ìṣẹ́jú. Àwọn olórin wa kò fi àyè yẹn ṣòfò. Haruna Ìṣọ̀lá, Ebenezer Obey, Sunny Adé, wọ́n ń so orin mọ́ orin. Wọ́n á kí èèyàn, wọ́n á pa òwe, wọ́n á bá ọ̀tá wí, ìlù á gbà á, gìtá tàbí agídìgbo á dá sí i, kò ní í dúró títí abẹ́rẹ́ á fi dé àárín àwo. Òde àríyá kan odidi ni ojú àwo kan.

Kí ni mo wá ń rí lórí fóònù? Wọ́n gé òde àríyá sí wẹ́wẹ́ bí ẹran sùúyà. Ibi tó dùn mọ́ wọn ni wọ́n mú, ìyókù di ìdọ̀tí. Nígbà tí mo wà ní sẹ́kọ́ńdìrì, àwọn tó ń da orin kọ sínú kásẹ́ẹ̀tì wà ní Agbowó àti Dùgbẹ̀. Bí o bá gbé àwo lọ, tí o ra kásẹ́ẹ̀tì oníṣẹ́jú 60, wọ́n á da ojú kìíní sí apá kan, ojú kejì sí apá kejì. Ibi tó bá ṣófo, wọ́n lè fi orin ẹlòmíràn dí i, ṣùgbọ́n wọn kì í gé ojú àwo. Ẹni tí kò ju òtòlò ìgboro lọ bọ̀wọ̀ fún iṣẹ́ olórin ju ẹ̀rọ ayé òde òní lọ. Àbí bẹ́ẹ̀ kọ́?

Ọ̀rọ̀ orúkọ tún ńkọ́? Ní 1971, Haruna Ìṣọ̀lá gbé àwo kan jáde tó fi kí Òrókì Social Club, ẹgbẹ́ àwọn ọ̀rẹ́ kan ní Òṣogbo. Ta ni ì bá rántí ẹgbẹ́ àríyá kan lẹ́yìn ọdún tó lé ní 50? Àwo ló gbé orúkọ wọn dé etí wa. Bẹ́ẹ̀ náà ni oníṣòwò, awakọ̀ àti ìyá aláṣọ tí orúkọ wọn kò sí nínú ìwé kankan ṣe wà nínú àwo jùjú, àpàlà, sákárà àti fújì, pẹ̀lú orúkọ ìyàwó, orúkọ ọmọ àti àdúgbò wọn. Ní Ìbàdàn wa níbí, Lánrewájú Adépọ̀jù, tó dolóògbé ní 2023, àti Ọlátúbọ̀sún Ọládàpọ̀ kó ewì sínú àwo. Bí a bá sọ irú àwo bẹ́ẹ̀ nù, ẹ jẹ́ kí á mọ̀ pé ìwé la sun níná.

Àwọn kan á ní orin owó ni, pé nítorí náírà ni wọ́n ṣe ń ki èèyàn. Òótọ́ ni. Mo ti pẹ́ nídìí iṣẹ́ ìwé ìròyìn, mo sì mọ̀ pé ẹni tó bá sanwó là ń gbé ìkíni ọjọ́ ìbí rẹ̀ jáde. Síbẹ̀, òpìtàn kò sọ ìwé ìròyìn nù nítorí ìyẹn. Ẹni tó sanwó kí wọ́n ki òun gbé láyé, ó sì fẹ́ kí wọ́n mọ̀.

Àwọn mìíràn á ní orin ayé ni, pé ẹni tó ti di àtúnbí tàbí tó ti lọ Mẹ́kà kò gbọdọ̀ ní in nílé. Ẹ̀yin ènìyàn Ọlọ́run, mo kí yín. Ṣùgbọ́n ìtàn bàbá, ọmọ àti kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ tí Obey kọ lórin ní 1973, ẹ̀kọ́ wo ni oníwàásù fẹ́ kọ́ ọmọ tó jù ú lọ, pé kò sí ọgbọ́n téèyàn lè dá tó lè tẹ́ gbogbo ayé lọ́rùn? Ẹ má gbọ́ ọ bí ẹ kò bá fẹ́. Ẹ gbé e fún ẹni tó fẹ́ ẹ. Iná kò kan ọ̀rọ̀ náà.

N ó sọ èyí tó ṣẹlẹ̀ nílé tiwa. Télọ̀ ni bàbá mi, Òkè Àdó ló ń gbé nígbà tí odò Ògùnpa ya wọ ìlú ní ọjọ́ 31 oṣù kẹjọ, ọdún 1980. Ọmọ ẹ̀yìn ni mí nígbà náà. Omi wọlé wa, ó gbé aṣọ oníbàárà lọ, ṣùgbọ́n àwo Àyìnlá Ọmọwúrà kan kù tí ìlà ẹrẹ̀ wà lára páálí rẹ̀ yíká. Bàbá mi kò jẹ́ kí wọ́n nù ún. Bí àlejò bá dé, á fi ìka tọ́ ìlà yẹn, á ní, "Ibi tómi dé nìyí." Oṣù karùn-ún ọdún yẹn kan náà ni wọ́n pa Àyìnlá ní Abẹ́òkúta, nítorí náà ìbànújẹ́ méjì ló wà lára páálí kan.

Àwo Haruna kan tún wà tí abẹ́rẹ́ máa ń fò níbì kan. Bó bá ti kù díẹ̀ kó débẹ̀, ìyá mi á dìde nídìí ilá tó ń rẹ́, á rọra ti abẹ́rẹ́ síwájú. Bí NEPA bá mú iná lọ, ohùn Haruna á máa wálẹ̀, á máa fà bíi ti ẹni tí oorun ń kùn, a ó sì bú sẹ́rìn-ín. Mo ń gbọ́ orin yẹn lórí fóònù báyìí. Ó ń lọ geere, kò fò rárá. Ọwọ́ ìyá mi ni kò sí níbẹ̀ mọ́.

Nígbà tí bàbá mi kú ní 2009, èmi wà lẹ́nu iṣẹ́ ní Àkúrẹ́. Kí n tó dé, mọ̀lẹ́bí kan ti kó gbogbo àwo náà, àpótí méjì, fún ẹni tó ń ti ọmọlanke ra àlòkù kiri. Owó tó gbà kò ra àpò ìrẹsì kan. Wọ́n ní, "Ẹrù àtijọ́ ni." Nígbà tí fíìmù Túndé Kèlání lórí Àyìnlá jáde ní 2021, mọ̀lẹ́bí yìí kan náà pè mí, ó ní ṣé mo lè bá òun wá orin Àyìnlá. Ẹ ò rí nǹkan!

Àwọn òyìnbó kò ka irú ẹrù yìí sí ìdọ̀tí. Ní 2013, ilé iṣẹ́ Luaka Bop ní New York tún orin William Onyeabor ti Enugu gbé jáde, gbogbo ayé sì pariwo rẹ̀. N kò bá wọn jà. Ẹni tó bá he ohun tí olówó sọ nù kì í ṣe olè. Ṣùgbọ́n ṣé ó wá dáa kí ọmọ wa máa fi owó pọ́n-ùn ra ohun tí a ti fún ọlọ́mọlanke?

Nítorí náà, ohun tí mo fẹ́ kí ẹ ṣe nìyí. Ẹ fi omi, ọṣẹ díẹ̀ àti aṣọ fífẹ́lẹ́ nu àwo náà yípo, kí omi má kan bébà àárín rẹ̀. Ẹ tò ó nínàró bí ìwé, ẹ má tò ó léra, ẹ má sì jẹ́ kí oòrùn pa á kó má baà wọ́. Bí ẹ bá fẹ́ dà á sínú fóònù, ẹ da ojú méjèèjì láìgé e. Ẹ ya fọ́tò páálí rẹ̀ níwájú àti lẹ́yìn. Ẹ bi àwọn àgbà tó ṣì wà láyé léèrè ẹni tó rà á, ọdún tó rà á, àti ẹni tí wọ́n dárúkọ nínú rẹ̀, kí ẹ sì kọ ọ́ sílẹ̀. Bí kò bá sí àyè nílé yín, ẹ wá ẹni tó ń kó o jọ tàbí ilé ìkàwé tó lè gbà á. Ọlọ́mọlanke ń bọ̀ ládùúgbò yín lọ́la. Ẹ tètè yẹ abẹ́ àtẹ̀gùn wò kó tó dé.