Gígùn kọ́ ni gíga: ẹ jẹ́ kí John Boyega bá wa wọn ọkọ̀ yìí

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ jókòó, ọ̀rọ̀ yìí gùn díẹ̀. Ẹnì kan ti dá ìdajì owó iṣẹ́ mi dúró nítorí ọkọ̀ tí kò sí láyé yìí, mi ò sì ní gbà.

Bó ṣe ṣẹlẹ̀ nìyí. Ṣọ́ọ̀bù géèmù kan wà ní apá Ketu, mi ò ní dárúkọ ẹ̀. Ẹni tó ni ín, ẹgbẹ́ mi ni. Ó ní kí n ya TIE fighter sára ògiri fún òun, èyí tí Finn àti Poe jí gbé sá lọ nínú Star Wars: The Force Awakens ti 2015, kí n sì ya Finn sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀ lórí ìdúró. Mo yà á. Ọjọ́ mẹ́ta gbáko. Nígbà tí mo parí, ó fa fóònù yọ. Ó ní òun rí i lórí íntánẹ́ẹ̀tì pé mítà 6.3 ni TIE fighter, pé tèmi ti tóbi jù. Ó ní mo ya ìyẹ́ ọkọ̀ náà ní ìlọ́po márùn-ún Finn, bẹ́ẹ̀ ìlọ́po mẹ́ta àti ààbọ̀ ló yẹ kó jẹ́. Tí mi ò bá tún un yà, kí n gbàgbé ìyókù owó.

Mo ní, níbo lo ti rí i nínú fíìmù? Ó ní fíìmù kọ́, pé "nọ́ńbà gidi" ni.

Ibẹ̀ ni inú ti bí mi. Nọ́ńbà gidi wo? Ta ló wọ̀n ọ́n? Rúlà ta ni? Ọkọ̀ tí wọ́n fi pátákó, ike àti kọ̀ǹpútà ṣe, tí kò fò rí, ibo lèèyàn ti fẹ́ wọ̀n ọ́n bí kò ṣe inú fíìmù tó ti jáde? Ohun tí ojú wa rí nínú fíìmù, òun ni ẹ̀rí. Èyí tí wọ́n kọ sára páálí ohun ìṣeré àti sínú ìwé atọ́nà, ọ̀rọ̀ ẹnu ni. Ó lè jẹ́ òótọ́ o, àmọ́ ẹ̀rí kọ́.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti bá ìyá yín lọ sí Mile 12 rí, ẹ mọ ohun tí mò ń sọ. Ta ló ń sanwó "apẹ̀rẹ̀ tòmátò kan" láì kọ́kọ́ wo apẹ̀rẹ̀? Apẹ̀rẹ̀ ju apẹ̀rẹ̀ lọ. Gàrí ńkọ́? Kọ́ńgò tí wọ́n ti tẹ ìdí ẹ̀ wọnú, kọ́ńgò náà ni wọ́n ṣì ń pè é. Ìyá mi kì í bá ẹnikẹ́ni jiyàn orúkọ. Wọ́n á ki ọwọ́ bọ inú kọ́ńgò ọ̀hún, wọ́n á fọwọ́ kan ìdí ẹ̀, wọ́n á wá wo ojú ẹni tó ń tajà. Ṣùgbọ́n tó bá ti di ọ̀rọ̀ fíìmù òyìnbó báyìí, íntánẹ́ẹ̀tì á sọ nọ́ńbà kan, gbogbo wa á sì dọ̀bálẹ̀ fún un.

Agboyi ni mo dàgbà sí. Ẹni tó bá fẹ́ ti Ketu kọjá sọ́dọ̀ wa, ọkọ̀ ojú omi ló máa wọ̀. Bàbá mi tukọ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Tí ọkọ̀ kan bá ń bọ̀ lókèèrè, wọn kì í sọ bóyá ó tóbi tàbí ó kéré títí wọ́n á fi rí ẹni tó dúró nínú ẹ̀. Lójú omi, kò sí igi, kò sí ilé tí wàá fi ṣe àfiwé. Èèyàn ni wàá wò. Tí ọkùnrin tó ń fi ọ̀pá ti ọkọ̀ bá ga tó ìdá kan nínú mẹ́rin gígùn ọkọ̀ náà, ọkọ̀ yẹn á tó mítà méje. Kò sí ìwé atọ́nà kankan nínú ẹ̀.

Ohun kan péré lèèyàn ní láti ṣọ́ra fún. Ẹni tó o fi ń wọn nǹkan àti nǹkan tó ò ń wọ̀n gbọ́dọ̀ jìnnà sí kámẹ́rà bákan náà. Ọmọdé tó jókòó sí imú ọkọ̀ níwájú kámẹ́rà lè dà bí òmìrán, kí ọkọ̀ ẹ́ńjìnnì tó wà lẹ́yìn ẹ̀ wá dà bí àwo ìjẹun. Mo ti rí ẹni tó fi X-wing tó wà nítòsí wọn TIE tó wà lókèèrè, tó tún wá ń pariwo pé òun ti já irọ́ ilé-iṣẹ́ fíìmù. Irú ẹ̀yin yẹn lẹ ń bà wá lórúkọ jẹ́, ẹ jọ̀ọ́.

Ó dáa, ẹ jẹ́ ká wọn TIE yìí. John Boyega ni rúlà wa. Ọmọ Yorùbá ni, wọ́n bí i ní London ní 1992, Peckham ló dàgbà sí, òun ló sì ṣe Finn. Mo fi gíga ẹ̀ sí mítà 1.75. Tó bá fi sẹ̀ǹtímítà mélòó kan jù bẹ́ẹ̀ tàbí dín, kò ní da ìṣirò yìí rú.

Nínú fíìmù náà, èèyàn méjì ló wà nínú ọkọ̀ yẹn. Poe ń wakọ̀, ó kọjú síwájú. Finn wà nídìí ìbọn, ó kọjú sẹ́yìn. Wọ́n fẹ̀yìn kọra wọn. Ẹ lọ wò ó lẹ́ẹ̀kan sí i tẹ́ ẹ bá ti gbàgbé.

Wàyí o, jókòó sórí àga, na ẹsẹ̀ síwájú díẹ̀ bí ẹni tó ń wa mọ́tò, kí ẹnì kan fi téèpù wọ̀n ọ́ láti ẹ̀yìn dé orí ọmọ ìka ẹsẹ̀. Tèmi jẹ́ mítà 1.1. Èèyàn méjì, 2.2. Fi ẹ̀yìn àga méjèèjì kún un, kò lè dín ní 0.3. Ó ti di 2.5. Mi ò tíì fi irin ara ọkọ̀ sí i o, mi ò tíì fi gíláàsì iwájú sí i, mi ò tíì fi gbogbo ẹ̀rọ tó ń ṣẹ́jú pìpìpì níwájú wọn sí i. Bọ́ọ̀lù àárín tí wọ́n jókòó sí yẹn gbọ́dọ̀ tó mítà 3, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ orúnkún Boyega á yọ síta.

Bọ́ọ̀lù yẹn la ó wá fi wọn ìyẹ́. Dá fíìmù dúró níbi tí ọkọ̀ náà ti kọjú sí wa tààrà, kí bọ́ọ̀lù àti ìyẹ́ lè jìnnà sí kámẹ́rà bákan náà. Fi rúlà ọmọ ilé-ìwé wọ̀n ọ́n lójú fóònù. Ìyẹ́ ga tó nǹkan bí ìlọ́po mẹ́ta bọ́ọ̀lù. 3 lọ́nà 3 jẹ́ 9. Mítà 9 ni gíga ọkọ̀ náà, ẹ fún mi láyè mítà kan sókè, mítà kan sísàlẹ̀, nítorí pé ojú fóònù ni mo ti wọ̀n ọ́n. Pín 9 sí 1.75, ó lé díẹ̀ ní 5. Ìlọ́po márùn-ún. Ohun tó wà lára ògiri nìyẹn! Kódà tí mo bá yọ odidi mítà kan kúrò, ìlọ́po 4.6 ni. Kò sún mọ́ mẹ́ta àti ààbọ̀ rárá.

Ẹ jẹ́ ká tiẹ̀ gba tiẹ̀ gbọ́. Tí gíga ọkọ̀ náà bá jẹ́ mítà 6.3 lóòótọ́, bọ́ọ̀lù àárín á di 2.1. Ẹ bá mi ki géńdé méjì pẹ̀lú ẹsẹ̀ wọn sínú 2.1. Ẹ tún bá mi ki ìbọn sí i. Mò ń dúró.

Ibo wá ni 6.3 yẹn ti wá? Mi ò sọ pé ó parọ́ rárá. Àwọn ìwé atọ́nà àtijọ́ kọ ọ́. Àmọ́ gígùn ni wọ́n kọ, láti iwájú dé ẹ̀yìn. TIE kì í ṣe ọkọ̀ tó gùn. Ó ga ju bó ṣe gùn lọ, bí ìgbà tí èèyàn gbé ilẹ̀kùn méjì nàró tó wá fi bọ́ọ̀lù há sáàárín wọn. Ẹni tó mú gígùn tó fi ń wọn gíga dà bí ẹni tó fi ìwọ̀n bàtà lọ ra ṣòkòtò. Yàtọ̀ síyẹn, TIE inú fíìmù àkọ́kọ́ ti 1977 ni nọ́ńbà yẹn wà fún, èyí tí ẹnì kan ṣoṣo ń wọ̀. Ti Finn kọ́! Àwọn ìwé tuntun fúnra wọn sì ti gbé gígùn TIE àtijọ́ yẹn kọjá mítà 7. Fíìmù 1977 kò fi ínǹṣì kan tóbi sí i láti ìgbà yẹn o. Ìwé ló yí ohùn padà.

Ẹ má sì rò pé èmi ni mo dá èyí sílẹ̀. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ̀ nípa Executor, ọkọ̀ ńlá Darth Vader nínú The Empire Strikes Back ti 1980, ẹ rántí ìjà yẹn. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, ìwé ní kìlómítà 8 ni gígùn ẹ̀, ìyẹn ìlọ́po márùn-ún Star Destroyer tó jẹ́ mítà 1,600. Àwọn òǹwòran wò ó, wọ́n ní rárá o. Ilé ìṣàkóso tó wà lórí Executor, irú èyí tó wà lórí Star Destroyer náà ni, wọ́n jọra bí ìbejì. Wọ́n sọ ilé yẹn di rúlà, wọ́n fi wọn odidi ọkọ̀ náà, wọ́n bá ìlọ́po mọ́kànlá: kìlómítà 17.6. Lónìí, kìlómítà 19 ni ìwé ilé-iṣẹ́ kọ. Ẹ sọ fún mi, ta ló ní "nọ́ńbà gidi" lọ́wọ́ nígbà tí ìwé ṣì ń sọ 8?

Mo ti gbọ́ ohun tẹ́ ẹ fẹ́ sọ: "Fíìmù náà máa ń purọ́." Òótọ́ ni, ó máa ń purọ́ gan-an. Ní 1977, X-wing odidi tí wọ́n kàn fún fíìmù àkọ́kọ́ kò tó nǹkan, ọ̀pọ̀ èyí tẹ́ ẹ rí lẹ́yìn nínú gáréèjì Yavin, pátákó tí wọ́n kùn lọ́dà ni. Millennium Falcon ńkọ́? Wọ́n kọ́ odidi ọkọ̀ náà ní Pembroke Dock ní Wales ní 1979 fún fíìmù kejì, síbẹ̀ àwọn yàrá inú ẹ̀ tí wọ́n kọ́ sí sítúdíò kò lè wọ inú ìta ẹ̀. Ìwé ní mítà 26.7, nígbà tó yá ìwé tún ní 34 àti díẹ̀. Ṣé ká wá da ẹ̀rí nù ni? Tí ẹlẹ́rìí kan bá purọ́ ní kóòtù, wọ́n á pe ẹlòmíràn. Wo ìran mẹ́wàá, wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀mẹwàá, kó o mú ibi tí wọ́n ti pọ̀ jù. Tí inú àti ìta ọkọ̀ bá wá ń bára wọn jà, ẹ̀yìn awakọ̀ lèmi máa ń wà. Ara ẹ̀ gbọ́dọ̀ wọlé.

Ti Wakanda tiẹ̀ rọrùn ju èyí lọ. Black Panther, 2018: Royal Talon Fighter gbé T'Challa wá sí Sambisa tiwa níbí, lẹ́yìn náà ó balẹ̀ sílé, òun, Okoye àti Nakia rìn jáde sí ìta. Rúlà mẹ́ta lórí ilẹ̀ kan náà pẹ̀lú ọkọ̀! Síbẹ̀ ẹnì kan ṣì wà ní mẹ́ńṣọ̀nù mi tó ń bèèrè pé kí n fi "source" hàn òun.

Àwọn kan tún máa ń ní ká lọ wáṣẹ́ ṣe, pé fíìmù lásán ni. Kò burú. Nígbà tí Oyan Dam bá tú omi sílẹ̀ tí odò Ògùn kún dé ọ̀dọ̀ wa, fọ́tò á bẹ̀rẹ̀ sí í fò káàkiri WhatsApp. Ẹnì kan á ní omi ti mu èèyàn dé ọrùn. Ẹlòmíràn á ní kò kọjá kókósẹ̀. Àwọn àǹtí mi á máa pè láti Ìkòròdú, wọ́n á máa sunkún. Èmi máa ń wá ilẹ̀kùn nínú fọ́tò náà ni. Ilẹ̀kùn wa sábà máa ń ga tó mítà 2. Tí omi bá bo ìdá kan nínú mẹ́ta ẹ̀, ó ti kọjá orúnkún àgbàlagbà, ọmọ ọdún mẹ́ta kò gbọdọ̀ dá rìn nínú ẹ̀, ká tètè lọ gbé Màmá Àgbà jáde. Ìdí X-wing ni mo ti kọ́ ọ. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ níṣẹ́ lọ́wọ́, kí lẹ máa fi wọ̀n ọ́n?

Mo ti fi gbogbo ìṣirò yìí ránṣẹ́ sí ọ̀gá ṣọ́ọ̀bù géèmù. Ó ti kà á, àmì méjèèjì ti di búlúù, kò fèsì. Mi ò ní tún nǹkan kan yà. Tó bá fẹ́, kó gbé àga méjì àti téèpù síta níwájú ṣọ́ọ̀bù ẹ̀ lọ́jọ́ Sátidé, kí èmi àti òun fẹ̀yìn kọra jókòó, kí àwọn ọmọ tó ń gbá géèmù níbẹ̀ wọ̀n wá. Tí àwa méjèèjì bá wọ inú mítà 2.1, màá fi ọ̀dà funfun pa gbogbo ògiri yẹn rẹ́ lọ́fẹ̀ẹ́. Tí a ò bá wọ̀ ọ́, nọ́ńbà àkáǹtì mi wà lọ́wọ́ ẹ̀.