Ta Ló Bọ́ Aṣọ Ọmọláńgidi?

Ilé ni à ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Òwe yìí ló sọ sí mi lọ́kàn lọ́jọ́ tí òṣìṣẹ́ kan ní pápákọ̀ òfuurufú gbé ọmọláńgidi jáde nínú àpò mi, tó wò ó lójú, tó sì pariwo pé, "Ẹ̀yin yìí, ẹbọ lẹ gbé dání!" Ẹ̀rín ló kọ́kọ́ pa mí. Ìgbà tí mo rí i pé ẹ̀rín kò pa òun, tèmi náà gbẹ lẹ́nu.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó wà nínú àpò náà. Ọmọláńgidi onígi kan ni, tuntun, tí ìyá mi rà fún ọmọ ẹ̀gbọ́n mi tó wà lókè òkun. Télọ̀ àdúgbò wa ní Igbóbì fi àjákù àǹkárá rán ìró, bùbá àti gèlè fún un. Ìyá mi so ìlẹ̀kẹ̀ mọ́ ọn nídìí, ó fi ìyarí kékeré kan sí i, àti igo òróró irun tí kò ju ìka mi lọ. Ó ní kí ọmọ náà máa pọ̀n ọ́n, kó máa di irun fún un, bí òun náà ti ṣe nígbà tí òun wà lọ́mọdé.

Iṣẹ́ kọ̀ǹpútà ni mo ń ṣe, mo sì máa ń ka òfin kí n tó fọwọ́ kan nǹkan. Kí n tó kúrò nílé, mo ti wò ó: ohun olómi inú báàgì ọwọ́ kò gbọdọ̀ ju 100 ml lọ nínú ìgò kọ̀ọ̀kan, ọmọláńgidi tó ń kọrin, bátìrì lithium tí èèyàn bá mú dání láti fi pààrọ̀ tirẹ̀ gbọ́dọ̀ wà nínú báàgì ọwọ́, kì í ṣe nínú ẹrù tó ń lọ sí ikùn bàálù. Tèmi kò kọrin, kò ní bátìrì. Ẹ̀rọ tó ń wo inú ẹrù rí igi, ó rí aṣọ, ó rí ìlẹ̀kẹ̀, kò sì ké. Èèyàn ló ké.

A fà á, a fà á, wọ́n ti ń pe àwọn èrò bàálù wa. Níkẹyìn wọ́n ní igi náà lè lọ, ṣùgbọ́n ìlẹ̀kẹ̀ àti aṣọ rẹ̀ kò ní kọjá. Mo fi wọ́n sílẹ̀. Ìgbà tí mo débẹ̀, ìbéèrè àkọ́kọ́ tí ọmọ ọdún márùn-ún bi mí ni pé, "Ta ló bọ́ aṣọ rẹ̀?" Èmi tí mo ń kọ́ ẹ̀rọ bí yóò ṣe máa ronú, mi ò rí èsì kankan fún un.

Ẹnìkan á ní, "Ṣebí òfin wà pé èèyàn kò gbọdọ̀ kó ère jáde?" Ó wà lóòótọ́, mo sì fọwọ́ sí i. Òfin àjọ tó ń bójú tó àwọn ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé wa, tí wọ́n ṣe ní 1979, kò gbà kí ẹnikẹ́ni kó ohun ìṣẹ̀ǹbáyé jáde láìgba ìwé àṣẹ. Ṣùgbọ́n òfin náà sọ ohun tó ń bá wí: iṣẹ́ ọnà tí wọ́n ti ṣe ṣáájú 1918, tàbí èyí tó níyì tí wọ́n sì ti lò rí nínú ètò ìbílẹ̀ wa. Ọjọ́ orí nǹkan àti ohun tí wọ́n fi ṣe ni òfin ń bèèrè. Kò bèèrè bóyá ojú rẹ̀ ń ba òṣìṣẹ́ lẹ́rù.

Ibi tí ọ̀rọ̀ wà gan-an nìyẹn. Láyé àtijọ́, bí ọ̀kan nínú ìbejì bá kú, òbí á ní kí wọ́n gbẹ́ ère rẹ̀; wọn á máa wẹ̀ ẹ́, wọn á máa bọ́ ọ, wọn á fi osùn pa á lára. Nígbà tó yá, àwọn òbí kan bẹ̀rẹ̀ sí í lo ọmọláńgidi oníke tí wọ́n rà lọ́jà dípò ère onígi. Marilyn Houlberg tó ṣèwádìí láàárín wa kọ ọ́ sílẹ̀ ní 1973. Ẹ rò ó wò. Ọmọláńgidi oníke lè jẹ́ ère ìbejì. Èyí tó jẹ́ igi lè jẹ́ ohun ìṣeré lásán. Ẹni tó bá ń fi ojú lásán dájọ́ á gba ohun ìṣeré lọ́wọ́ ọmọdé, á sì kí ère gidi pé ó dàbọ̀. Báwo lẹ ṣe rò pé ère ìbejì ṣe kún àwọn ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé òkè òkun? Wọn kò fẹsẹ̀ rìn débẹ̀.

Wọ́n tún lè sọ pé àwọn ọ̀daràn máa ń fi oògùn olóró pamọ́ sínú nǹkan báyìí. Bẹ́ẹ̀ ni. Torí ẹ̀ ni ẹ̀rọ fi wà. Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò, ẹ gbọ̀n ọ́n, ẹ gbóòórùn rẹ̀, mi ò bínú. Àyẹ̀wò yàtọ̀ sí èébú.

Ká tiẹ̀ ní òrìṣà ni mo gbé, tí kì í ṣe ohun ìṣẹ̀ǹbáyé, kí ló kan òṣìṣẹ́ níbẹ̀? Abala 38 ìwé òfin 1999 fún oníkálukú lẹ́tọ̀ọ́ ẹ̀sìn tirẹ̀. Tẹ̀súbáà ń kọjá, rosary ń kọjá, kò sẹ́ni tó ń pariwo. Barbie náà ń kọjá tòun ti bàtà àti báàgì rẹ̀. Ọmọláńgidi tó wọ ìró nìkan la ń pè ní ẹbọ.

Ní Igbóbì tí mo dàgbà sí, ilé ìwòsàn eegun wà níbẹ̀ láti 1945. Ojú wa ti mọ́ ẹsẹ̀ àtọwọ́dá lójú pópó. Kò sẹ́ni tó ń sá fún un, torí pé a mọ ohun tí wọ́n fi ń ṣe. Ìmọ̀ ló lé ẹ̀rù lọ.

Ohun tí mo ń bèèrè kò pọ̀. Ẹ kọ òfin 1979 yẹn ní Yorùbá àti àwọn èdè wa yòókù, ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara ògiri níbi tí wọ́n ti ń yẹ ẹrù wò. Ẹ kọ́ òṣìṣẹ́ ní ìbéèrè méjì: "Ìgbà wo ni wọ́n ṣe é? Kí ni wọ́n fi ń ṣe?" Bí wọ́n bá sì gba nǹkan lọ́wọ́ èèyàn, kí wọ́n kọ ìwé fún un, kí wọ́n buwọ́ lù ú, kí wọ́n dárúkọ òfin tó ní kí wọ́n gbà á. Wọn kò fún mi ní ìwé kankan.

Ìyá mi ti ní kí télọ̀ rán aṣọ mìíràn. Mo ń padà lọ ní Kérésì.