Ayàwòrán Ojú Àwo Orin Ńkọ́?

Ní ọdún 2023, orin ìbílẹ̀ Mẹ́síkò kan, 'Ella Baila Sola', tí ẹgbẹ́ Eslabon Armado àti Peso Pluma jọ kọ, dé ipò kẹrin lórí àtẹ Billboard ní Amẹ́ríkà. Olórin gbayì, ó gbowó. Ayàwòrán ojú àwo ńkọ́? Láyé àwo ńlá, ẹ̀yìn páálí ni wọ́n sábà máa ń tẹ orúkọ rẹ̀ sí. Lóde òní tó jẹ́ pé inú fóònù ni orin ń gbà jáde ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan, ẹyọ kọ̀ọ̀kan ló ń fẹ́ àwòrán tirẹ̀: akẹ̀tẹ̀, ẹṣin, gìtá. Iṣẹ́ ń pọ̀ sí i, agbára káká sì ni orúkọ ayàwòrán fi ń hàn. Èyí kù díẹ̀ káàtó. Kí àwọn tó ń gbé orin jáde kọ orúkọ rẹ̀ síbẹ̀, kí wọ́n sì san owó rẹ̀ kí orin tó bọ́ sígboro.