Ẹ Gbé Garawa Kí Ẹ Tó Pe Wẹ́dà

Táǹkì kún bámúbámú lókè, àmọ́ omi tó ń jáde lẹ́nu ẹ̀rọ ò ju òwú lọ. Wẹ́dà ni ọ̀pọ̀ wa máa ń sáré pè, kó wá fi irin kún ẹsẹ̀ táǹkì. Èmi náà pè é. A gbé tiwa sókè, láti mítà 2 sí mítà 3, owó sì lọ. Síbẹ̀, bí ẹnì kan bá ń wẹ̀, ẹni tó ń fọ abọ́ á kàn dúró máa wòran ni.

Garawa ló tú àṣírí. Mo gbé oní-lítà 20 sábẹ́ ẹ̀rọ, mo ṣí i pátápátá, mo tẹ aago inú fóònù. Ìṣẹ́jú méjì ààbọ̀ ló gbà kó tó kún: lítà 8 péré ní ìṣẹ́jú kan.

Mo wá pe púlọ́ńbà. Ó gé páìpù kékeré méjì, hááfù íńṣì àti íńṣì kan, ó ní kí n yọjú wo inú wọn. “Bàbá, ẹ̀yin ẹ wò ó. Ṣé hááfù yìí lẹ fi fa omi gba gbogbo ọgbà kọjá?”

Èmi rò pé ìlọ́po méjì ni íńṣì kan fi ju hááfù lọ. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹnu rẹ̀ fẹ̀ ní ìlọ́po mẹ́rin, torí méjì lọ́nà méjì ni. Omi sì máa ń ha ara mọ́ ògiri páìpù tóóró, èyí tó ń fà á sẹ́yìn. Ká ní gíga táǹkì àti gígùn páìpù dọ́gba, omi inú oní-íńṣì kan á ju ti hááfù ní ìlọ́po márùn-ún lọ. Ẹ fi wé gíga: kí omi tó di ìlọ́po méjì, gíga gbọ́dọ̀ di bí ìlọ́po mẹ́rin. Ta ló fẹ́ kọ́ irú òpó bẹ́ẹ̀?

Nítorí náà, kí ẹ tó rẹ́ ògiri, ẹ sọ fún púlọ́ńbà pé láti táǹkì wọlé, íńṣì kan ni; ìdí ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan nìkan ni kó ti di hááfù. Kó má sì to ẹ́líbò, ìgbọ̀nwọ́ páìpù, jọ, torí àwọn náà ń fa omi sẹ́yìn.

Ẹ fi garawa wọn omi náà, ẹ fi ṣọ́ọ̀kì kọ iye ìṣẹ́jú àáyá tó fi kún sẹ́yìn ilẹ̀kùn ilé ìdáná. Bí iye náà bá ń pọ̀ sí i lọ́dọọdún, páìpù ti ń dí, tàbí ó ń jò nínú ilẹ̀. Lẹ́yìn tá a pààrọ̀ páìpù, 60 ló wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn tiwa báyìí.