Táyà Ojú Títì Kò Nílò Omi Yẹn

Olóòtú wa ọ̀wọ́n,

Mo ka àpilẹ̀kọ yín lórí ìje mọ́tò oní-mítà 402 ní Amẹ́ríkà níbí. Ó dùn mọ́ mi, àmọ́ mi ò fara mọ́ ìmọ̀ràn pé kí ẹni tó ń sáré pẹ̀lú táyà tó ń gbé e lọ síbi iṣẹ́ wọnú omi tí wọ́n dà sílẹ̀ lẹ́yìn ìlà ìgbéra, kó sì máa yí táyà náà títí èéfín yóò fi bo ibẹ̀.

Àwọn tó ń lo táyà ìje tí kò ní kòtò lára ni wọ́n da omi yẹn sílẹ̀ fún. Táyà ojú títì tiwa ní kòtò lára. Omi á wọ inú kòtò náà, á sì máa kán sílẹ̀ gan-an níbi tí ẹ ti fẹ́ gbéra. Kì í ṣe ẹ̀yin nìkan lẹ máa yọ̀, ẹni tó kàn lẹ́yìn yín náà á yọ̀. Ẹ gba ẹ̀gbẹ́ omi kọjá, ẹ yí táyà fẹ́ẹ́rẹ́ kí iyanrìn ara rẹ̀ gbọ̀n dànù. Ó tó bẹ́ẹ̀. Bó bá gbóná jù, ńṣe ni yóò máa yọ̀ bí ọṣẹ.

Bí ẹ bá fẹ́ gbéra, ẹ má tẹ ìtẹ̀ epo mọ́lẹ̀ dópin lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ rọra tẹ̀ ẹ́ títí táyà yóò fi di ilẹ̀ mú, kẹ́ ẹ tó tẹ̀ ẹ́ dópin. Ẹ wo àkókò ẹsẹ̀ bàtà 60 àkọ́kọ́ lórí ìwé àkókò tí wọ́n bá fún yín lẹ́yìn ìje. Ibẹ̀ ni ìje ti ń bàjẹ́.

Bí ẹ bá sì dín afẹ́fẹ́ táyà kù kó lè di ilẹ̀ mú, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fẹ́ ẹ padà kẹ́ ẹ tó wakọ̀ lọ sílé.

Òǹkàwé yín,
Houston, Texas