Ibi tí Olóúnjẹ ń Tẹ̀dó Sí

Ọ̀pọ̀ ìgbà ni mo ti gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn ọ̀dọ́ ìlú Ìkẹ́rẹ́ pé a ń fojú tẹ́ńbẹ́lú ìlú wọn. Bí mo bá bi wọ́n léèrè ẹni tí ó hu irú ìwà bẹ́ẹ̀, wọn a ní àwọn ilé-iṣẹ́ ńláńlá tí ń ta bọ́gà àti adìẹ díndín ni. Adó ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ ronú kàn, tàbí Àkúrẹ́. Ọkọ̀ tí ń kó ẹrù wọn a sì máa gba àárín ìlú wa kọjá bí ẹni pé kò sí ìlú kankan lábẹ́ òkè Olósùnta. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi kan tí ó ń kẹ́kọ̀ọ́ nínú ìlú gun ọ̀kadà lọ sí Adó ní ọjọ́ ìbí rẹ̀, nítorí búrẹ́dì roboto méjì tí a há ẹran lílọ̀ sí láàárín. Owó ọ̀kadà ní àlọ àti àbọ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ tó owó oúnjẹ náà. Nígbà tí mo bá a wí, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, bí wọ́n bá ti ka àwa náà sí ènìyàn ni, ǹ bá ti dé Adó lọ ṣe kí ni?"

Ọ̀rọ̀ yìí dùn mí díẹ̀, ó sì mú mi ronú. Èrò mi ni pé kò sí ẹ̀gàn níbẹ̀ rárá. Ẹni tí ó fẹ́ ṣí ilé oúnjẹ ń ṣírò ni, ìṣirò kì í sì í mọ ẹni tí ó jẹ́ ọlọ́lá yàtọ̀ sí ẹni tí kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ó yẹ kí a mọ ohun tí wọ́n ń kà nígbà tí wọ́n bá ń ka ìlú, nítorí pé àìmọ̀ nípa rẹ̀ ti mú kí a ṣe ohun kan ní ìlú wa tí kò dára, èyí tí n óò sọ nípa rẹ̀ láìpẹ́.

Ẹ jẹ́ kí a wo bí irú ilé oúnjẹ bẹ́ẹ̀ ti ṣe bẹ̀rẹ̀ ní ilẹ̀ wa. Nínú ilé ìtajà Kingsway, tí ó jẹ́ ti ilé-iṣẹ́ UAC, ni ọ̀pọ̀ ará Èkó ti kọ́kọ́ mọ bí a ti ń jẹ irú oúnjẹ yìí. Ní ọdún 1986, UAC sọ ọ́ ní Mr Bigg's, Marina ní Èkó ni wọ́n sì ti bẹ̀rẹ̀. Kí ni ó wà ní Marina? Báǹkì ni, àti ọ́fíìsì, àti ẹgbẹẹgbẹ̀rún àwọn akọ̀wé tí ilé wọn jìnnà réré, tí wọn kò lè lọ jẹun ọ̀sán nílé kí wọ́n sì tún padà sẹ́nu iṣẹ́. Ní 1997, Tantalizers bẹ̀rẹ̀ ní Festac Town, ó sì ń ta bọ́gà. Ìjọba ni ó kọ́ àdúgbò náà fún àjọ̀dún FESTAC ti 1977. Àwọn ìdílé òṣìṣẹ́ oṣù ni wọ́n wá kún inú rẹ̀. Chicken Republic tẹ̀lé e ní 2004, KFC dé ní 2009, Burger King dé ní 2021, Èkó náà sì ni gbogbo wọn ti bẹ̀rẹ̀. McDonald's, tí orúkọ rẹ̀ kárí ayé, wọ Mòrókò ní 1992, ó wọ Íjíbítì ní 1994, ó wọ Gúúsù Áfíríkà ní 1995, kò sì tíì ṣí ilé kan ṣoṣo ní Nàìjíríà. Bí a bá fẹ́ sọ̀rọ̀ ẹ̀gàn, gbogbo wa ni a jọ wà nínú rẹ̀, àti ará Ìkẹ́rẹ́ àti ará Ìkòyí.

McDonald's yìí kan náà ní ìtàn tí ó lè là wá lójú. Ọkùnrin ará Amẹ́ríkà kan tí ń jẹ́ Ray Kroc bá àwọn arákùnrin McDonald méjì, tí wọ́n dá iṣẹ́ náà sílẹ̀ ní Kalifọ́níà, ṣe àdéhùn, ó sì ṣí ilé tirẹ̀ àkọ́kọ́ ní Des Plaines, nítòsí Chicago, ní 1955. Nígbà tí ó bá ń wá ibi tí yóò kọ́ ilé tuntun sí, a máa fi ọkọ̀ òfúrufú kékeré rá bàbà lójú ọ̀run, a sì máa wo ilẹ̀ bí àwòdì. Ilé ẹ̀kọ́ ni ó ń wá, àti ṣóńṣó orí ilé ìsìn. Kò wá ààfin ọlọ́rọ̀. Ó mọ̀ pé níbi tí ilé ẹ̀kọ́ bá wà, ọmọ wà níbẹ̀. Ibi tí ọmọ bá sì wà, bàbá àti ìyá tí ó ti rẹ̀ yóò wà níbẹ̀, tí wọn kò ní fẹ́ dáná ní alẹ́ ọjọ́ Ẹtì.

Ọ̀nà tí òmíràn gbà ń ṣe é yàtọ̀. In-N-Out, ilé bọ́gà tí a dá sílẹ̀ ní Baldwin Park ní Kalifọ́níà ní 1948, kì í lo ẹran tí a ti mú dì. Nítorí náà, kì í ṣí ilé síbi tí ọkọ̀ kò lè dé láàárín ọjọ́ kan láti ibi tí a ti ń lọ ẹran rẹ̀. Ọdún mẹ́rìnlélógójì ni ó fi wà nínú Kalifọ́níà nìkan kí ó tó ṣí ilé sí Las Vegas ní 1992. Nígbà tí ó dé Texas ní 2011, ó kọ́ ibi tí yóò ti máa lọ ẹran sí ibẹ̀ kí ó tó bẹ̀rẹ̀ sí tà. Àwọn tí ó fẹ́ràn oúnjẹ rẹ̀ ní àwọn ìpínlẹ̀ tí ó jìnnà pọ̀ bí eṣú, wọ́n ń pè é, kò dá wọn lóhùn. Ta ni yóò sọ pé ó gàn wọ́n?

Ẹ wá jẹ́ kí a fi ojú Kroc wo ilẹ̀ tiwa. Bí ó bá fò kọjá lórí Ìkẹ́rẹ́, yóò rí ṣóńṣó orí ilé ìsìn àti ilé ẹ̀kọ́ tí yóò tẹ́ ẹ lọ́rùn. Yóò rí ilé ẹ̀kọ́ gíga tí a dá sílẹ̀ ní 1977 láti máa kọ́ àwọn olùkọ́, tí ó ti di yunifásítì tí a fi orúkọ Bámidélé Olúmilúà pè lónìí. Ṣùgbọ́n bí ó bá gbé ojú sókè díẹ̀, yóò rí Adó ní ìhà kan àti Àkúrẹ́ ní ìhà kejì, olú-ìlú ìpínlẹ̀ méjì, tí Ìkẹ́rẹ́ wà láàárín wọn bí ọmọ tí ó sùn sáàárín bàbá àti ìyá rẹ̀. Ẹni tí ó bá ní owó bọ́gà ní Ìkẹ́rẹ́, ó ṣeé ṣe kí iṣẹ́ tàbí òwò máa gbé e dé Adó lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Akọ̀wé owó ilé-iṣẹ́ náà yóò sọ nínú ọkàn rẹ̀ pé, "Bí mo bá ti wà ní Adó, ará Ìkẹ́rẹ́ yóò wá bá mi. Kí ni mo tún ń lọ bá a fún?" Àbùkù kò sí nínú ìyẹn. Ibi tí a tẹ ìlú dó sí ni ó fà á.

Ti Ìsẹ̀ àti Ẹmùré tún le ju èyí lọ. Iṣẹ́ oko ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń ṣe níbẹ̀. Ní ọ̀sán gangan, nígbà tí ilé bọ́gà ní Èkó bá kún fọ́fọ́, ìlú a dákẹ́ rọ́rọ́ nítorí pé àwọn àgbà wà lóko. Ẹni tí ó ti fi iṣu sísun àti epo pupa jẹun lábẹ́ igi kòkó kò ní ohun tí ó fẹ́ fi bọ́gà ṣe. Bẹ́ẹ̀ ni fírísà kò lè ṣiṣẹ́ láìsí iná mànàmáná, ẹni tí ó bá sì ń fi epo dísù tọ́jú adìẹ títutù láti àárọ̀ di alẹ́ ni ó mọ ohun tí ojú rẹ̀ ń rí. Ọ̀nà Adó sí Àkúrẹ́ tí ó gba Ìkẹ́rẹ́ kọjá bàjẹ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún, gbogbo ẹni tí ó ń gbà á ni ó sì mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ó dájú pé bí ọdún Olósùnta tàbí Kérésìmesì bá dé, àwọn ọmọ wa a ti Èkó àti ìlú òyìnbó wálé pẹ̀lú owó. Ṣùgbọ́n ọjọ́ ọdún kì í san owó oṣù òṣìṣẹ́ ní oṣù Kẹfà.

Mo ti sọ pé ohun kan wà tí a ṣe ní ìlú wa tí kò dára. Obìnrin kan wà tí ó ń ta iyán lẹ́bàá títì ní Ìkẹ́rẹ́. N kò ní dárúkọ rẹ̀, nítorí pé òun kò rán mi níṣẹ́. Ní ọjọ́ kan ni mo jókòó sí ìsọ̀ rẹ̀ láti àárọ̀ títí di ọ̀sán, mo fẹ́ ṣe bí Kroc, kí n ka àwọn tí ń kọjá. Kò pẹ́ tí mo fi ṣìkà, nítorí pé òórùn ẹ̀gúsí kò jẹ́ kí ọkàn mi pa pọ̀. Ni mo bá bi í pé, "Ìyá, kí ló dé tí ẹ kò jókòó sẹ́bàá ọjà, níbi tí èrò pọ̀ sí jù?"

Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Tíṣà, ẹni tí ó wá ra iṣu lọ́jà, ilé rẹ̀ ni yóò ti lọ gún un. Ẹni tí kò ní délé títí di alẹ́ ni oníbàárà tèmi."

Mo tún bi í nípa ẹ̀gbẹ́ títì tí ó wà. Ó ní ọwọ́ ọ̀tún ẹni tí ń bọ̀ láti Àkúrẹ́ ni òun yàn, nítorí pé awakọ̀ tí ebi ń pa kì í fẹ́ dábùú títì. Ó ní òun kì í gún iyán púpọ̀ kí ọkọ̀ tó bẹ̀rẹ̀ sí dé, nítorí pé iyán tí ó bá ti tutù, ìtìjú ni fún ẹni tí ó gún un. Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, obìnrin yìí kò wọ ọkọ̀ òfúrufú rí. Ṣùgbọ́n ìmọ̀ tí Kroc ń wá lójú ọ̀run, òun ti rí i lórí àpótí ìjókòó rẹ̀. Òfin In-N-Out pàápàá kò ṣàjèjì sí i: iyán kò gbọ́dọ̀ jìnnà sí odó.

Lẹ́yìn ìgbà náà ni òkìkí kàn pé ilé-iṣẹ́ ńlá kan ń bọ̀ wá ṣí ilé bọ́gà sí Ìkẹ́rẹ́. N kò mọ ẹni tí ó kọ́kọ́ sọ ọ́. Onílé tí ìyá oníyán háyà ìsọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀ gbọ́, ó sì sáré sọ owó ilé di ìlọ́po mẹ́rin. Nígbà tí ìyá kò lè san án, ó fún un ní ìwé pé kí ó kó jáde kí oṣù tó parí. Ó kun ògiri ìsọ̀ náà ní ọ̀dà pupa, ó gbé ilẹ̀kùn onígíláàsì síbẹ̀, ó sì jókòó de àlejò.

Èmi kò kórìíra bọ́gà. Mo ti jẹ ẹ́, ó dùn bí a bá jẹ ẹ́ ní gbígbóná. N kò sì ní parọ́ pé gbogbo búkà wa ni ó mọ́ tónítóní. Àwọn kan wà níbẹ̀ tí a kì í rí omi fọwọ́, tí ilé ìyàgbẹ́ kò sì sí. Àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá kọ́ wa ní ìmọ́tótó, wọ́n sì ń fún ọmọ tí ó jáde ilé ẹ̀kọ́ ní aṣọ iṣẹ́ àti owó oṣù. Ọmọbìnrin ìyá oníyán gan-an fẹ́ irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀, n kò sì dá a lẹ́bi, nítorí pé ó ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ gún iyán láti kékeré, ó sì mọ bí ọmọ odó ti wúwo tó. Bí wọ́n bá dé, kí a gbà wọ́n tọwọ́tẹsẹ̀, kí a sì bẹ̀ wọ́n kí wọ́n ra adìẹ lọ́wọ́ àwọn tí ń sin adìẹ ní Ìsẹ̀ àti Ẹmùré.

Ohun tí mo lòdì sí ni pé kí a lé ẹni tí ó ti kà wá, tí ó sì ti mọ̀ wá, kúrò nítorí ẹni tí kò tíì kà wá rárá. Ìjọba ìbílẹ̀ ni ó yẹ kí ó dá sí i. Ó lè kọ́ ìsọ̀ olóúnjẹ sẹ́bàá títì, kí ó fa omi síbẹ̀, kí ó sì fi owó ìsọ̀ sí ìwọ̀n tí a kò ní máa gbé sókè nítorí àhesọ. Bí ọ̀nà bá dára tí iná sì dúró, ilé-iṣẹ́ ńlá tí ó bá fẹ́ wá yóò wá láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni bẹ̀ ẹ́. Bí kò bá sì wá, ọ̀nà àti iná náà yóò wà fún oníyán, yóò wà fún télọ̀, yóò wà fún ẹni tí ń lọ ata.

Àlejò tí onílé ń retí kò dé. Ní ọ̀sẹ̀ tí ó kọjá, mo gba ibẹ̀ lọ sí Adó. Àgádágodo wà lára ilẹ̀kùn onígíláàsì náà, alángbá méjì ń yá oòrùn lára ògiri pupa. Ìyá oníyán ti tẹ́ bẹ́ǹṣì rẹ̀ sí òdìkejì, lábẹ́ igi máńgòrò kan, ní ọwọ́ òsì ẹni tí ń bọ̀ láti Àkúrẹ́. Ọkọ̀ akẹ́rù mẹ́ta ni ó dúró sẹ́bàá ọ̀nà, àwọn awakọ̀ wọn sì ń wo ọ̀tún, wọ́n ń wo òsì, kí wọ́n tó sáré dábùú títì.